Àárọ̀ Ọyẹ́ Tí Òrí Dì Sínú Kẹ̀kẹ́ Ìwọ̀ Bàbá Rẹ̀mí

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn tí ẹnì kan jókòó sọ fún mi, kì í sì í ṣe ohun tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo wà lórí àpáta náà. Ọwọ́ mi ló tú kẹ̀kẹ́ náà, ọwọ́ mi ló tò ó padà, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹ̀wù mi títí ọdún tuntun fi wọlé. Bí ẹnikẹ́ni ní Òmù-Àrán bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé ibo ló dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ó rí i pé orí ni yóò máa họ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹja bá wù yín í jẹ, ẹ ó tẹ fóònù, ẹni tó ń sin ẹja á sì fi ọ̀kadà gbé àrọ̀ wá bá yín láàyè nínú ike. Kò burú. Èmi náà ń jẹ ẹ́, mo sì ń lá ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò bá èèyàn fa okùn rí, adùn rẹ̀ kì í pé lẹ́nu mi. Nígbà tiwa, ẹja tó bá wọ ìkòkò, gbogbo àdúgbò ló máa mọ ẹni tó pa á, ibi tó dúró sí, àti bí okùn rẹ̀ ṣe lọ jìnnà tó. Jíjìnnà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀yìn ìlú ni dáàmù wa wà, lápá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Àrán-Ọ̀rin. Omi rẹ̀ ni gbogbo wa ń mu. Nítorí náà, àwọn àgbà ti fi òfin lélẹ̀: kò sí ọkọ̀ ojú omi, kò sí àwọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè. Bí o bá máa pa ẹja, o ní láti dúró ní bèbè kí o ju okùn rẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹja ńlá kì í gbé bèbè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi á fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ nìkan ló máa kù létí rẹ̀. Àwọn àrọ̀ tó tóbi tó apá èèyàn á kó ara wọn lọ sínú ibú, níbi tí odò àtijọ́ ti ń ṣàn kí wọ́n tó sé e. Ọ̀pẹ kan wà tí omi ti pa, tí ìjì sì ti gé lórí. Ó dúró gangan nínú omi níwájú ibú náà. Ọ̀pẹ Aláìlórí là ń pè é. Ẹni tí òjé ìwọ̀ rẹ̀, ìyẹn irin wúwo tó ń fa okùn lọ, bá kọjá Ọ̀pẹ Aláìlórí, ó ti kan ilẹ̀kùn ilé ẹja. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, kó lọ máa mú ẹpìyà tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ibì kan ṣoṣo sì ni èèyàn lè dúró sí tí òjé á fi dé ọ̀hún, ìyẹn àpáta ńlá kan tó yọ imú sínú omi. Ẹnì kan péré ló ń gbà á lọ́dún. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì la máa ń yan ẹni náà, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti dé láti Èkó, láti Kàdúná, láti Ìlọrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Onímàle ń wá, onígbàgbọ́ ń wá. Ará òkè ìlú á mú ẹnì kan jáde, ará ìsàlẹ̀ á mú ẹnì kan jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì jù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí òjé rẹ̀ bá lọ jìnnà jù lẹ́yìn ọ̀pẹ yẹn ló ni àpáta títí di Kérésìmesì mìíràn.

Mo ṣì ń gbọ́ ìró àárọ̀ dáàmù yẹn létí mi. Garawa àwọn obìnrin á máa kọ lu ara wọn, àkèré á máa ké, àwa ọkùnrin á máa fi ọkọ́ wú ilẹ̀ tútù ẹ̀yìn balùwẹ̀ kiri ká lè rí ekòló. Ẹni tó bá ní ìfun adìẹ, ọlọ́lá ni, nítorí àrọ̀ kì í kọ ìfun adìẹ. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ máa gbọ́.

Kí kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ tó dé, agolo mílíìkì la fi ń jù ú. O máa ká okùn ọ̀rá mọ́ agolo, o máa di agolo mú lọ́wọ́ òsì, o máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí òjé ká orí rẹ, fìrì, fìrì, fìrì, kí o tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Okùn á máa yọ lẹ́nu agolo, á máa dún ṣẹ́ẹ́ẹ́ bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Bí o kò bá mọ ìgbà tó yẹ kí o jọ̀wọ́ rẹ̀, òjé á gbá ọ lórí. Àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn etí mi títí di òní. Ẹni tó bá rí i máa ń rò pé ogun ni mo lọ.

Nínú gbogbo àwa tí à ń fi agolo jù ú, Bàbá Rẹ̀mí ni ọ̀gá. Ará ìsàlẹ̀ bíi tèmi ni. Àgbẹ̀ ni, ó ga, ó tínrín, apá rẹ̀ sì gùn bíi pé wọ́n yá a fún un. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá dé orí àpáta, á dúró bí ère òkúta Èsìẹ́, ìgbà tí òjé bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lo tó máa mọ̀ pé èèyàn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi di àpáta yẹn mú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí, ló ń yan ẹja náà, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ará ìsàlẹ̀ sì ti ń rà á. Iṣẹ́ kejì obìnrin yìí ni òrí ṣíṣe, nítorí igi emi pọ̀ lóko ọkọ rẹ̀. Kò sí ohun tí Ìyá Rẹ̀mí kò gbà pé òrí lè wò: orúnkún tó ń dun àgbà, imú ọmọ tó dí, ilẹ̀kùn tó ń ké. Bí o bá kí i pé, "Ẹ kú ọyẹ́ o, Ìyá," á ní, "Sún mọ́ ibí, jẹ́ n rí ètè rẹ." Kí o tó sọ pé rárá, ètè rẹ á ti máa dán.

Lọ́dún kan ni Kọ́lá Dókì dé. Ará òkè ni. Kọ́lá lorúkọ rẹ̀. A fi Dókì kún un nítorí pé ibi tí ọkọ̀ ojú òkun ti ń gúnlẹ̀ ní Àpápá ló ti ṣiṣẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí dókì kò ní wọ inú rẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní dókì" ni ìkíni tirẹ̀. Ó gbé ọ̀pá gígùn kan wálé, kẹ̀kẹ́ irin kan sì wà lára ọ̀pá náà tó ń dán bí aago ọwọ́. Ó ní atukọ̀ òyìnbó kan ló fún òun, pé ẹja inú òkun ni wọ́n fi ń mú. A kò rí irú rẹ̀ rí. A mọ kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń ran òwú, la bá pe èyí ní kẹ̀kẹ́ ìwọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, Kọ́lá na ọ̀pá sẹ́yìn, ó fì í síwájú, kẹ̀kẹ́ náà ké hínnnn, òjé sì fò kọjá Ọ̀pẹ Aláìlórí bíi pé kò rí i. Bàbá Rẹ̀mí ju agolo tirẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé. Bí àpáta ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e korò. Inú ẹrẹ̀ ni Bàbá Rẹ̀mí ti ń ju okùn, ẹja tí kò tó fi mọ́ òkèlè ló sì ń mú bọ̀. Ìyá Rẹ̀mí, ìyàwó apẹja, wá ń lọ ra ẹja yìnyín ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Bó bá ń bọ̀, á fi aṣọ bo abọ́. Kọ́lá Dókì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì ké sí i:

"Ìyá wa, ẹ kú ọjà o! Ṣé ẹja inú abọ́ yẹn mọ Bàbá?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyá Rẹ̀mí kì í dáhùn. Ní ti ọkọ rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀yìn ilé ló ti ń gbà lọ sóko, kí ó má baà gba títì kọjá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé àárín ọ̀nà ló máa ń rìn tẹ́lẹ̀! Ó dùn mí wọ egungun.

Ní ọjọ́ kan Bàbá Rẹ̀mí wá sí ìsọ̀ mi. Básíkù, kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn, ni mo ń tún ṣe nígbà náà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe jù mí lọ láti Òmù títí dé Bàbáńlá. Ìwé kẹrin ni mo ti sá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí irin kì í kọ̀wé. Ó gbé nǹkan kan kalẹ̀ tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì wé.

"Oníbásíkù, bá mi wo èyí."

Mo tú u. Kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ ni! Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé ní Àgbádárìgì ló gbà á lọ́wọ́ apẹja etí òkun kan tó ti jù ú sí kọ̀rọ̀ ilé. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́. Mo yí ọwọ́ rẹ̀, kò yí. Mo fi agbára kún un, ó dún gírírí bí ẹni tó ń jẹ eyín lójú oorun.

"Bàbá, èyí ti kú."

"Ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá bá ọ."

"Ẹ fẹ́ kó jí?"

Ó wò mí dáadáa. "Mo fẹ́ kó ju ti Kọ́lá lọ. Mo fẹ́ gba àpáta mi."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo tú u pátá sínú abọ́ kẹrosíìnì, mo fi í sílẹ̀ kó sùn síbẹ̀. Gírísì àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti dúdú, ó ti le bí ọ̀dà títì. Mo fi ìyẹ́ adìẹ nu bẹ́rìn rẹ̀, ìyẹn àwọn irin róbótó wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kó yí, títí wọ́n fi ń dán. Mo rí ọwọ́ irin kan níwájú rẹ̀ tó ń lọ sọ́tùn-ún tó ń bọ̀ sósì láti máa to okùn sí ìlà. Ó dára fún ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ń ju okùn, òun náà ló ń fà á sẹ́yìn. Mo yọ ọ́, mo ní àtàǹpàkò Bàbá Rẹ̀mí ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi sáńpépà tó kúnná fá etí àgbá kékeré tí okùn ń ká mọ́, kí okùn lè máa yọ̀ jáde. Mo wá dé ìdí bíréèkì. Àwọn nǹkan kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré, wọ́n á na ara wọn síta, wọ́n á fara gbo irin, wọ́n á sì dín eré rẹ̀ kù. Mo ní, ta ló fẹ́ dín eré kù? Mo yọ àwọn náà jù nù. Ní ìkẹyìn, mo kán òróró máṣìn ìránṣọ sí bẹ́rìn, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan péré. Mo fi ìka ta á. Kẹ̀kẹ́ náà ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Mo lọ tọ̀, mo padà dé, ó ṣì ń yí.

Mo so ó mọ́ ọ̀pá gígùn kan, a sì gbé e lọ dán wò ní pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Ibẹ̀ la ti mọ ìwà rẹ̀. Eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òjé á ti máa rọlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa sáré. Okùn tó ń tú jáde kò ní ibi tó ń lọ mọ́, á wú, á lọ́ mọ́ra, á di ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà lọ́wọ́ Bàbá. Àwa méjèèjì á jókòó sórí koríko, a ó máa tú u títí ojú wa á fi pọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìtẹ́ ẹ̀gà yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjé ṣì ń gòkè. Okùn já, pọ́ọ́! Òjé ń lọ, kò sí okùn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. A kàn gbọ́ ọ ni: gbàǹgà! Páànù ilé Àlàájì.

Àlàájì yìí, àgbà kan ni tó ti fi òwò obì sílẹ̀, tó ń sinmi nínú ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Láti Ṣàárẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, kì í ṣe ará òkè, kì í ṣe ará ìsàlẹ̀, òun ni gbogbo ìlú sì fọkàn tán láti ṣe adájọ́ ìdíje wa. Ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ó mú òjé lọ́wọ́.

"Ta ló ń sọ mí lókò nínú ilé mi?"

"Ẹ má bínú, Àlàájì, àwa ni."

"Níbo lẹ ti jù ú?"

Mo nawọ́ sí òpin pápá lọ́hùn-ún. Àlàájì wo òpin pápá. Ó wo páànù rẹ̀. Ó wo Bàbá Rẹ̀mí.

"Súbúhánàlláhì!" Ó dá òjé padà fún mi. "Ó dáa. Ó wá kù kí ẹ so okùn mọ́ ọn."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé okùn tó tínrín ló ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kó lè gba agbára apá. Mo so èyí tó nípọn mọ́ iwájú èyí tó tínrín, kò sì já mọ́. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ẹ̀gà kò dẹ̀yìn. Bí a bá jù ú dáadáa lẹ́ẹ̀kan, a ó tú okùn fún ìyókù ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni Kérésìmesì ṣe dé bá wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Kérésìmesì, mo tún kán òróró máṣìn sí i, mo gbé e sórí tábìlì ní yàrá ìgbàlejò Bàbá Rẹ̀mí, mo sì lọ jẹ ìrẹsì mi.

Ọyẹ́ ọdún yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi dáàmù ń yọ èéfín bí ìkòkò orí iná. Eyín gbogbo wa ń lu ara wọn. Wọ́n ti dá iná ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, òkè àti ìsàlẹ̀ jọ ń yá a, àwọn obìnrin sì ń bu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ń pín àkàrà. Àlàájì jókòó sórí àga níbi tó ti ń rí Ọ̀pẹ Aláìlórí láti ẹ̀gbẹ́. Ìborùn wà lọ́rùn rẹ̀, hánńkáṣíìfù funfun tó fi ń dájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, abọ́ ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ kejì.

Kọ́lá Dókì kọ́kọ́ jù ú. Hínnnn! Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tó jù ú, èyí tó dára jù kọjá ọ̀pẹ ní ìwọ̀n ẹní kan. Hánńkáṣíìfù gòkè. Àwọn ará òkè hó yèè.

Bàbá Rẹ̀mí bọ́ sórí àpáta. Ó na ọ̀pá sẹ́yìn, ó fì í síwájú pẹ̀lú gbogbo apá gígùn yẹn. Kẹ̀kẹ́ kò ké rárá. Òjé bọ́ sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, pọ̀tọ̀!

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá!" Kọ́lá ń pariwo. "Ṣé àkèré lẹ fẹ́ mú ni? Nígbà tí mo wà ní dókì, a kì í mú àkèré o!"

Mo sáré lọ. Mo ta kẹ̀kẹ́, kò yí. Mo fa súkúdíráfà yọ lápò, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun báláú, ó kún dé ẹnu, ó le bí ẹ̀kọ tó ti dì nínú ewé.

"Òrí! Ta ló ki òrí bọ inú èyí?"

"Èmi ni o," Ìyá Rẹ̀mí dáhùn láàárín àwọn obìnrin. "Kí ló ṣe é?"

"Ìyá!"

"Mo rí i lórí tábìlì, ó gbẹ táútáú. Nínú ọyẹ́ yìí? Ọmọ tuntun pàápàá, bí a kò bá fi òrí pa á, ara rẹ̀ á ya. Gbogbo ibi tó ní ihò ni mo ki òrí sí."

Àwọn kan ń yí nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ìyá Rẹ̀mí wo òjé tó wà nínú ẹrẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì yé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ń retí kí Bàbá jágbe mọ́ ọn. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "O ṣeun. O fẹ́ kó dára ni."

"Àlàájì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," Kọ́lá wí. "Ó ti parí."

"Ó ṣì lè jù ú lẹ́ẹ̀mejì," Àlàájì fèsì. "Mi ò sì tíì mu ẹ̀kọ mi tán. Bí mo bá mu ún tán tí kò tíì jù ú, ìgbà náà ló parí."

"Ẹ wá máa mu ún, Àlàájì."

"Ó gbóná."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ṣé ọ̀fun rẹ ni mo fi ń mu ún?"

Mo ti dé ìdí iná. Kò sí kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi, kò sí òróró máṣìn, ìsọ̀ mi sì jìnnà. Mo na ìdí ọ̀pá sókè iná, mo ń yí i bí ẹni tó ń sun àgbàdo. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó ń kán sínú iná, iná ń bú, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo dáàmù. Mo fi etí ẹ̀wù nù ún, ẹ̀wù Kérésìmesì mi tuntun o! Mo ta kẹ̀kẹ́. Ó yí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré wèrè ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó jẹun yó.

"Bàbá, ẹ jù ú kó tó tún dì!"

Ó jù ú. Kẹ̀kẹ́ kò ké hínnnn. Ó dún wùùùù, ohùn àgbà. Okùn ń jáde gbọnrangandan, kò wú, kò lọ́, òjé sì lọ lu ara Ọ̀pẹ Aláìlórí, kò! Hánńkáṣíìfù kò gòkè. Ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjá.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Kí Bàbá tó ká okùn tó jìnnà yẹn padà tán, atẹ́gùn ọyẹ́ ti fẹ́ lu kẹ̀kẹ́, òrí tó kù nínú rẹ̀ ti tún ń dì. Mo wo iná, ó ti ń kú. Mo gbọ́ ṣíbí Àlàájì tó ń ha ìdí abọ́.

Ìyá Rẹ̀mí já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó tú ìró rẹ̀ òkè, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé ikùn ara rẹ̀, ó fi ìró wé e, ó tún fi ìborùn di í, ó sì tẹ orí bá lé e lórí. Ọ̀pá gígùn yọ sókè lẹ́yìn èjìká rẹ̀ bíi wáyà rédíò.

Kọ́lá Dókì pa àtẹ́wọ́. "Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ ti bí kẹ̀kẹ́!"

Obìnrin tí kì í fún un lésì gbé orí sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ ló sì fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ báyìí. Sún, kí o má dí i lọ́nà."

Ariwo ẹ̀rín tó sọ, àwọn ará òkè gan-an ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó tú ìró, ó gbé ọ̀pá lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá Rẹ̀mí kò wo ẹnikẹ́ni. Ó na ọ̀pá sẹ́yìn títí òjé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó sì fì í. Wùùùùùù! Òjé gòkè, ó kéré bí eṣinṣin, ó wọ inú èéfín omi, mi ò rí i mọ́. Gbogbo èèyàn na ọrùn. A gbọ́ ọ nínú omi, pọ̀ọ́, lọ́nà jíjìn réré lẹ́yìn ọ̀pẹ. Àlàájì fò dìde, ẹ̀kọ tó kù dà sí i lára, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó kọjá! Ó kọjá ti Kọ́lá! Wállàhí, ó kọjá ti Kọ́lá!"

Mi ò lè sọ bí a ṣe yọ̀ tó. Wọ́n gbé mi sókè, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbé mi, nítorí pé ó tọ́ sí mi. Kọ́lá Dókì wá, ó gbé kẹ̀kẹ́ sí imú.

"Òrí? Òrí ló nà mí?"

"Èmi ni mo nà ọ́," mo ní. "Òrí kàn bá mi di ìjánu mú ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Mo ti yọ gbogbo bíréèkì, eré kẹ̀kẹ́ ti ya wèrè jù. Ìwọ̀nba òrí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bẹ́rìn yẹn ló jẹ́ kí eré rẹ̀ bá eré òjé mu. Bí mo bá pín ògo rẹ̀ sí mẹ́rin, ìdá mẹ́ta jẹ́ tèmi, ìdá kan jẹ́ ti Ìyá. Kọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta tútù yẹn: "Bàbá, àpáta yín rèé." Lọ́jọ́ kejì ló lọ ra òrí lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀mí.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ láti Àrán-Ọ̀rin àti Àjàṣẹ́ ń gbé e wá bá mi. Èmi á yọ bíréèkì, Ìyá Rẹ̀mí á fi èékánná wọn òrí sí i, kò ní pọ̀, kò ní kéré, gbogbo ìdíje Kérésìmesì sì ń rùn bí yàrá abiyamọ. Bàbá Rẹ̀mí padà sí àárín títì. Ìyàwó rẹ̀ ń ru ẹja yíyan kọjá níwájú ilé Kọ́lá, kò fi nǹkan kan bò ó mọ́. Àpáta yẹn kò sì bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn náà ni omi ẹ̀rọ dé, tí kálukú gbẹ́ kànga sí ilé rẹ̀. Omi tí ẹnikẹ́ni kò mu mọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ mọ́. Àwọ̀n wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, àwọn tó ń wa iyanrìn dé. Wọ́n wá fi bọ́ǹbù fọ́ àpáta, wọ́n kó o lọ kọ́lé. Kò sí ẹni tó bínú. Ilé ló kúkú di.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó lọ fún yín bó ṣe rí. Àpáta kan. Ibú kan, iyanrìn ti dí i. Ọ̀pẹ kan tí kò lórí. Àwọn tó ń ju ìwọ̀ láti òkè, mẹ́sàn-án. Láti ìsàlẹ̀, mọ́kànlá. Èmi nìkan ló kù nílùú nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ mẹ́tàlá ló gba ọwọ́ mi kọjá, mi ò mọ ibi tí ọ̀kankan wà. Tọkọtaya kan, ibojì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Adájọ́ kan tí ẹ̀kọ rẹ̀ kì í tètè tutù. Àti àárọ̀ kan lọ́dún tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi ń yá iná kan náà.